Òfin Kẹrìnlá, Tí A Fi Pẹ́ńsùlù Kọ

Èmi ni mo ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé Hadley Forks,
èmi náà ni mo ń lu agogo
lọ́jọ́ ìdíje sípẹ́lì, nínú oṣù Èrèlé,
nígbà tí yìnyín Montánà bá ti ga dé fèrèsé.
Agogo kékeré ni, kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ,
ṣùgbọ́n ó ti pa ọmọ lẹ́kún ju pàṣán lọ.

Ìyáàfin Amdahl a dìde, a wọ awò ojú, a ka òfin:
Kí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ó tún un pè.
Ó lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀,
ó lè béèrè èdè tí wọ́n ti yá a wá.
Ìṣẹ́jú méjì péré.
Òbí tó bá ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ lórí àga rẹ̀,
ìta ni, nínú òtútù.
Ọmọ lè tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí,
ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá ti bọ́, ó ti bọ́:
ẹyin ni, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Mẹ́tàlá ni wọ́n. A tẹ̀ wọ́n sórí bébà,
a fi ọ̀rá bò ó nítorí kọfí.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, ó ku Colter Haugland,
ọmọ olóko àlìkámà, ọmọ ọdún méjìlá,
àti Marisela Ochoa,
tí baba rẹ̀ ń tún irin ojú rélùwéè ṣe.
Gbogbo wa la mọ̀ pé Colter ń kólòlò.
Tó bá fẹ́ kí mi "ẹ káàárọ̀" nínú bọ́ọ̀sì,
a ó ti kọjá ilé mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ tó kàn án: orúkọ ẹni tó ń kọ ìwé owó fún oníṣọ́ọ̀bù.
Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n kọ, ẹ mọ ibi tó ti burú:
o méjì, k méjì, e méjì,
wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹran tó ń wọ ọkọ̀ Nóà,
e mìíràn tún wà níwájú tó lúgọ.
Ọmọ náà la ẹnu. B, ló wí. B. B. B.
Dókítà Pruitt, oníṣègùn màlúù, wo ojú mi.
Ṣé b mẹ́rin ni? Àbí ẹyọ kan tó há sọ́fun?
Ọwọ́ mi ti wà lára agogo.
Mo wo òfin. Òfin dákẹ́.

Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba.
Ẹni tó pa òwe yẹn kò gbé aago síwájú.

Colter bá gbé ìkúùkù méjèèjì sókè.
"Ẹ ka ìka mi," ó pẹ́ kó tó wí i tán,
"ẹ má ka ẹnu mi."
B b b b: ìka kan ṣí.
O: ìkejì. O o o: ìkẹta.
Ó dúró, ó ń mí bí ẹṣin tó gun òkè.
Ìkẹrin, ìkarùn-ún. Ọwọ́ kan pé.
Baba rẹ̀ jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀,
ó di ètè bí ẹni gbé omi sẹ́nu.
Ìyáàfin Amdahl ló ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́,
òun tó lé òbí mẹ́ta síta lọ́dún tó kọjá.
Nígbà tí r jáde, ìka mẹ́wàá ló là sílẹ̀ gbalaja.
Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.

Mi ò lu agogo.

Ẹ má rò pé òun ló gba ife o.
Marisela ló gbà á, ìyípo méjì lẹ́yìn ìyẹn,
pẹ̀lú orúkọ àìsàn kan tí mi ò tíì lè pè dòní.
Colter fi y síbi tó yẹ kí i wà, mo lù ú, gáń!
Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Àṣìṣe gidi ni. Tirẹ̀ ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Ìyáàfin Amdahl ṣí ọ̀rá kúrò,
ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sísàlẹ̀:
Bí ẹnu ọmọ bá wúwo, kí a bi í ní ohun tí a ó máa kà.
Ọdún mẹ́fà nìyí, kò tíì ráyè tẹ̀ ẹ́.
Bó bá ti kàn án, ohùn rẹ̀ a wálẹ̀,
èmi a sì fi àtàǹpàkò di ahọ́n agogo mú
títí yóò fi kà á tán.