Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Kùrukùru ti gbé ìlú Kuṣiro mì látàárọ̀.
Èbúté kò rí ọkọ̀, ọkọ̀ kò rí èbúté,
àfi fèrè tí wọ́n ń fọn síra wọn.

Súmákò gbé fóònù méjì sórí tábìlì:
ti Téízò olóògbé, èyí tí à ń ṣí bí ìkarahun,
ìpẹ́ ẹja kan ṣì há sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà márùn-ún;
èkejì, àyálò lọ́wọ́ Kíyóhíkò tó ń tún rédíò ṣe.
“Wáyà tó bá a mu ti tán láyé,” ni Kíyóhíkò wí,
“ṣùgbọ́n ó ní fèrèsé dúdú kan lórí,
kò tó èékánná ọmọdé.
Ibẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀.”

Ó kọjú wọn síra, àtẹ́lẹwọ́ kan láàárín.
Ìmọ́lẹ̀ kan ń bẹ, àbúrò pupa ni,
ó jókòó sísàlẹ̀ òṣùmàrè
níbi tí ojú èèyàn kò dé.
Kì í la ògiri kọjá,
kì í ké sí gbogbo àdúgbò.
Bí o kò bá kọjú sí mi,
n ò ní í bá ọ sọ nǹkan kan.

Ìdá mẹ́wàá. Ogún. Mọ́kànlélógún.
Hónókà nawọ́ sí bisikíìtì,
apá aṣọ rẹ̀ gba àárín kọjá,
gbogbo rẹ̀ dákẹ́.
Ìyá àgbà kò bá a wí. Ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà fi kámẹ́rà fóònù tirẹ̀ wò ó:
“Màmá àgbà, iná kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀, elésè-àlùkò!”
Súmákò bọ́ gíláàsì, ó tún un wọ̀.
Kò rí nǹkan kan.
“Mo gbọ́,” ló sọ.

Orúkọ ń wọlé:
Ẹgbẹ́ Apẹja. Oníyìnyín. Dókítà eyín.
Gẹ́nzàbúrò, tí òkun kò dá padà.
Ó wá orúkọ ara rẹ̀, kò sí i.
Ó wá “Ìyàwó,” kò sí. “Ilé,” kò sí.
Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti bá nọ́ńbà ara rẹ̀,
ohun tí Téízò sì kọ síwájú rẹ̀ ni
PÈ É KÓ TÓ BÍNÚ.

“Ìgbà wo ni mo bínú rí?”
Fóònù ló ń bi.
Hónókà ń jẹ bisikíìtì rẹ̀,
kò dáhùn.