Dúrọ́ọ̀ Kẹta

Stefka, dúrọ́ọ̀ kẹta nílé ìdáná
kò tíì gbàgbé ọwọ́ rẹ.
Bí mo bá fà á, á kọ́kọ́ há,
lẹ́yìn náà á bẹ́ jáde
bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ìfami onírọ́bà wà níbẹ̀,
èyí tí o fi ń fa ọ̀rá gbígbóná
dà padà sẹ́yìn tòlótòló Ọjọ́ Ìdúpẹ́.
N kì í sun tòlótòló mọ́. Ta ni yóò jẹ ẹ́?
Mo fi ń fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára iyùn,
fúú, díẹ̀díẹ̀, fúú,
bí ẹni ń fẹ́ eérú kúrò lójú ọmọ.

Iyùn ni mo pè é. Kì í ṣe ti ọrùn.
Èyí ń mí, èyí ń jẹun,
ó ń pa ẹnu dé bí inú bá ń bí i,
ó sì wọ́n ju ti ọrùn lọ.
Ìwọ lo rà á.
O ní kí n má bèèrè iye.

Òkun jìnnà sí Sásíkátúùn.
Ọkọ̀ ojú irin pàápàá á sùn lọ́nà kó tó débẹ̀.
Nítorí náà à ń po òkun fúnra wa,
nínú péèlì funfun tó ti gba kábéèjì kíkan rí.
Òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun rẹ ni mo fi ń wọn iyọ̀,
gíráàmù márùndínlógójì sí lítà kan.
“Má fojú wọ̀n ọ́n,” o máa ń wí,
“ojú kì í ṣe òṣùwọ̀n.”
Iyọ̀ ń yọ́. Èmi tí mò ń pò ó kò yọ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà fún ẹnu pọ́ǹpù
(tèmi ni, má bínú).
Ìbọ̀sẹ̀ rẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tó ya níbi ìgbéyàwó Larysa,
ni mo di èédú sí, mo so ó kọ́ sínú omi.
Ó ń sẹ́ omi náà títí á fi mọ́ gaara,
tí mo fi ń rí ojú ara mi nínú dígí.
Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn.

Ewé-omi lẹ̀ mọ́ dígí bí gbèsè.
Òòfà olówó iyebíye tí wọ́n tà fún wa
kì í dé kọ̀rọ̀.
Káàdì báńkì rẹ ló ń dé kọ̀rọ̀.
Ọjọ́ rẹ̀ ti pé; wọ́n ní kí n gé e sí méjì.
N ò gé e.
Orúkọ rẹ wú sókè lára rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan,
àtàǹpàkò mi ti mọ̀ ọ́n kà.

Ní Fẹ́búárì, lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iná lọ.
Òtútù ìta ti kọjá ohun tí tẹmómítà lè kà.
Pọ́ǹpù dákẹ́.
N ò mọ̀ pé ilé wa ń sọ̀rọ̀
àfìgbà tó panu mọ́.
Mo fi kúbùsù bo òkun náà yí ká,
mo mú jọ́ọ̀gì ọtí-èso rẹ,
mò ń bu omi, mò ń dà á padà láti òkè,
bu, dà, bu, dà,
kí afẹ́fẹ́ lè bá a wọlé.
Delphine ti ilé kejì gbé tọ́ọ̀ṣì wá, ó jókòó.
Nígbà tí apá ń ro mí, ó gba jọ́ọ̀gì.
Ó ní, “Ẹja mélòó?”
Mo ní, “Méjì.”
“Méjì péré?”
Ó sì ń bu, ó ń dà.

Aago márùn-ún ti kọjá díẹ̀ kí iná tó dé.
Abo yẹn, ọlọ́sàn onílà funfun,
tó máa ń bù ọ́ jẹ lọ́jọ́ tí o bá ń tún ilé rẹ̀ ṣe,
yọjú láti abẹ́ iyùn, ó wo ọwọ́ mi,
ó bù mí jẹ.
Mo rẹ́rìn-ín débi pé Delphine bẹ̀rù.

Mo ti nu gbogbo rẹ̀, mo dá wọn padà sí dúrọ́ọ̀.
Ó há.
Jọ́ọ̀gì nìkan ni kò sí níbẹ̀.
Delphine ṣèèṣì gbé e lọ sílé.
N ò tíì lọ gbà á.