Ọmọ Rọ́bà

Wọ́n gbé e jáde nínú àpótí ní aago mẹ́sàn-án,
ọmọ rọ́bà tí kò lórúkọ,
wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní yàrá ìgbẹ̀bí wa ní Màsífà,
lábẹ́ fáànù tó ń yí bí òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ lówó oṣù mẹ́ta.

Dókítà Oyètádé tẹ aago ọwọ́ rẹ̀.
"Nọ́ọ̀sì Àtóyèbí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Kò ké. Kò mira. Ó yá."

Ogún ọdún ni mo fi ń gbẹ̀bí nílùú Ògbómọ̀ṣọ́.
Àwọn kan tí mo fọwọ́ mi gbà wá sáyé ti ń wa ọ̀kadà báyìí,
wọ́n á gbé mi dé Arówómọ́lẹ̀, wọn ò ní gbowó.
Síbẹ̀ ọwọ́ mi ń gbọ̀n níwájú rọ́bà.

Mo fi aṣọ nù ún. Mo fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Mo ta á ní ìka látẹ́lẹsẹ̀.
Ó dákẹ́.
Mo fi ìbòmú bò ó, mo ń tẹ báàgì,
ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta,
àyà kò gbéra.
"Ààbọ̀ ìṣẹ́jú ti lọ," ohùn dókítà rọ̀ bí ẹni ń ka owó olówó.
"Afẹ́fẹ́ ń sá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ."

Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ kó tó sọ ọ́.
Alẹ́ ọjọ́ kan wà, iná lọ, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi,
ọmọ kan wà níwájú mi tí kì í ṣe rọ́bà.
N kò ní sọ jù báyìí lọ.

Mo tún orí rẹ̀ tò, kò tẹ̀ síwájú, kò ṣubú sẹ́yìn,
bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ láti ilé kejì.
Ìka mẹ́ta gbé àgbọ̀n, méjì di ìbòmú mú,
ẹnu mi sì yọ, láìrò:
"Mí, àrẹ̀mọ. Má padà.
Ìyá ẹ ti fọ aṣọ sílẹ̀ dè ẹ́."

Àyà gbéra.
Àyà tún gbéra.

Ìyá Gbóyèga tó ń nulẹ̀ fún wa wà lójú fèrèsé,
kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìdánwò ni.
Ó ti ju búrọ́ọ̀ṣì nù, ó ká ọwọ́ lérí,
ó ń bẹ Olúwa nítorí ọmọ tí kò lẹ́jẹ̀ lára.
Bí àyà ti gbéra ló fò sókè, bọ́kẹ́ẹ̀tì dojú dé,
omi ìnulẹ̀ ṣàn wọlé bá wa,
dókítà pàápàá rẹ́rìn-ín, ó gbàgbé aago.

Lẹ́yìn náà ló fa ìwé rẹ̀ yọ.
Ọwọ́ fífọ̀, ó fa ìlà sí i. Ara nínù, ó fa ìlà sí i.
Ìbòmú, lẹ́ẹ̀kejì. Àkókò, mo fi ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá pẹ́.
Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.
Mo wo ìwé náà títí,
mo bi í pé níbo ni ọ̀rọ̀ tí mo bá ọmọ sọ wà.
Ó wò mí. Ó ní kò sí àyè fún un.

Wọ́n ní kí n dá a padà sínú àpótí.
Mo fi aṣọ wé e kí n tó tẹ́ ẹ.
Ìdérí wà lọ́wọ́ mi.
N kò dé e tán.