Ọjọ́ Ìbí Dọ́kásì

Páálí mẹ́tàdínlógún ni wọ́n kó síwájú mi
ní ilé ìgbẹ̀bí àtijọ́ ní Ìsánlú,
eruku ọyẹ́ lórí wọn bí ẹ̀lùbọ́.
Wọ́n ní kí n kó gbogbo ọjọ́ ìbí inú wọn sí kọ̀ǹpútà
kí iná tó lọ.

Kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ àlàyé.
Ọdún ló ń kọ́kọ́ bèèrè, nọ́ńbà mẹ́rin géérégé,
lẹ́yìn náà oṣù, kó tó kan ọjọ́.
Bí o bá fún un ní òmíràn, pupa ni yóò fi dá ọ lóhùn.

Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Kẹsáyà a máa fi ọjọ́ ṣíwájú oṣù,
bí ẹni tó ní kí ọmọ máa lọ níwájú ìyá.
Míìsì Hẹ́lìn tó ti Amẹ́ríkà wá,
oṣù ni tirẹ̀ ń ṣáájú.
Ẹnì kan tí kò kọ orúkọ sílẹ̀ kọ ọ́ báyìí:
“Ọjọ́ ọjà, ọdún tí eṣú jẹ ọkà bàbà wa tán.”
Ẹlòmíràn kọ “Ìjẹta.”
Ìjẹta wo, ará ilé mi?

Nínú páálí kẹsàn-án, mo kan ìyá mi.
Dọ́kásì, ọmọ Ìbítóyè. Obìnrin. Pọ́n-ùn mẹ́fà.
4/3/61.
Mo tẹ 61, ẹ̀rọ gbé e lọ sí 2061:
ìyá mi kò tíì wáyé,
èmi ni mo ti ṣáájú rẹ̀ dé.

Mo tún un ṣe. Ó ku oṣù.
Bó bá jẹ́ Kẹsáyà ló kọ ọ́, oṣù kẹta ni, ilẹ̀ ṣì ń jó.
Bó bá jẹ́ Míìsì, oṣù kẹrin ni, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀.
Tàdáwà ti ṣí, kò ṣe é fi mọ ọwọ́ ẹni.

Mo pè é. “Ọkun o, ìyá mi. Ìgbà wo ni wọ́n bí yín?”
Ó rẹ́rìn-ín.
“Ìyá mi ní òun ń ti odò bọ̀, ìkòkò òfìfo lórí òun.”
Òfìfo. Ṣé odò ló gbẹ ni,
àbí ìrọbí ló mú un tó fi da omi nù lọ́nà?
“N kò bi í,” ló wí. “Ta ní ń bi ìyá rẹ̀ ní irú ìyẹn?”

Mo tẹ 1961-03-04. Ó gbà á, kò janpata.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mo la ojú ilé kan tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n là,
mo pè é ní “bí a ṣe bá a,”
mo kọ 4/3/61 síbẹ̀, pẹ̀lú ìlà rẹ̀ tó dagun,
mo sì fi ìkòkò náà kún un.

Mo nawọ́ sí káàdì tó kàn. Iná lọ.