Ilẹ̀ Kan

Wọ́n fún mi ní irin kan tó lọ́ bí ìwo àgbò,
igba ọ̀rá kéékèèké, bírò dúdú,
pẹ̀lú ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ Àbújá:
"Bu ilẹ̀ oko wá. Má bu ti etí ọ̀nà."
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí fún ẹni tó wà ní Sókótó,
bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wà ní Ògójà,
pé kí orílẹ̀-èdè tó lè tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀
ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Mo gun ọ̀kadà dé ẹ̀yìn Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó.
Bàbá Ọ̀nàdìpẹ̀ ń dúró dè mí lábẹ́ igi obì.
Ó wo irin mi lókè, ó wò ó nísàlẹ̀:
"Ṣé abẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ gún un ni?"
Mo ní rárá o, Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ gbà.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
"Ẹ̀jẹ̀ wo? Ogún ọdún ni mo ti ń gbin ẹ̀gẹ́ lé ẹ̀gẹ́."
Ó fi ọkọ́ ṣí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
"Wá ekòló fún mi níbẹ̀."
N kò rí.
"Wọ́n ní ekòló júbà ilẹ̀, ilẹ̀ lanu.
Èyí lanu títí, kò rẹ́ni júbà."

Mo yẹ ìwé Àbújá wò:
àyè wà fún àwọ̀, àyè wà fún iyanrìn,
kò sí àyè fún ekòló.
Mo kọ ọ́ sétí ìwé: *Ekòló, òdo.*

Oṣù mẹ́rin ni ilẹ̀ wa fi wà ní yàrá kan ní Ìbàdàn,
ti Ògójà lórí ti Sókótó, tiwa nísàlẹ̀ pátápátá.
Iná lọ. Iná dé.
Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló pín iṣẹ́ náà,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ni ìwé wà.
Wọ́n ṣèpàdé lórí ìgbà tí wọn yóò ṣèpàdé.
Òjò àkọ́rọ̀ kò dúró dè wọ́n.

Nígbà tí èsì dé, gbólóhùn kan ni mo rí kà:
ilẹ̀ yín kan.
Ìyá Múnírátù, tó ń yan gàrí, gbójú sókè:
"Kí la fi ń ta gàrí Ìjẹ̀bú bí kò ṣe pé ó kan?"
Mo ní, Ìyá, gàrí tó kan ń powó,
ilẹ̀ tó kan, ebi ní í fi pani.
Ó ro agbada rẹ̀ lọ, ó rò ó bọ̀.
"Tó bá wá kan báyìí, ta ló kàn?"

N kò rí ìdáhùn nínú ìwé.
Lálẹ́, ẹni Ògójà tí n kò rí rí tẹ̀ mí láago:
"Tiwa náà kan."
A rẹ́rìn-ín, a dákẹ́,
ẹni méjì lórí ilẹ̀ kan.

Èsì ní ká da ẹfun lílọ̀ sí i, ọkọ̀ ẹfun ń bọ̀ lọ́nà.
Ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà.
Ìyá Múnírátù ló gbé agbọ̀n,
ó yí sẹ́yìn ibi ìyangàrí, síbi òkìtì eérú
tí àwọn adìẹ ti sọ di ilé ìwẹ̀.
"Ọdún mélòó la ti ń da oògùn nù?"
A bù ú sí ebè mẹ́fà, a fi ìyókù sílẹ̀
ká lè mọ ìyàtọ̀; a sì fi ẹ̀wà sáàárín wọn.

Ìrọ̀lẹ́ àná, Bàbá pè mí:
"Mo tún ṣí ìdí ebè kẹfà.
N kò rí ekòló o. Má kọ irọ́.
Ṣùgbọ́n mo rí ọ̀nà tó gbà kọjá."