Ìwé Tó Ń Padà Wá

Ní Castro, ní erékùṣù Chiloé, òjò kì í bèèrè bóyá ọdún ti dé.
Ó ń rọ̀ lórí àwọn ilé onípákó tó fi òpó dúró nínú omi,
ó ń rọ̀ lórí páànù ṣọ́ọ̀bù mi,
àwọn èèyàn á sì sáré wọlé, kì í ṣe nítorí ìwé,
nítorí àtigbẹ ni.
Wọ́n á gbọn aṣọ onírun àgùntàn wọn sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù,
wọ́n á ní, "Eduvina, kí ni kí n rà fún ọmọ?"

N kì í tètè dáhùn.
Mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè: kí ló ń bà á lẹ́rù?
Ẹni tí ìjì ń bà lẹ́rù, ẹ fún un ní ìwé àwọn atukọ̀,
èyí tí ìjì ti jà tán nínú rẹ̀ kí ojú ewé tó tán.
Ẹni tí kò rí oorun sùn, ẹ má ra ìtàn apànìyàn fún un.
Ìwé ọ̀dùnkún nìyí:
gbogbo orúkọ tí wọ́n fún ọ̀dùnkún lórí erékùṣù yìí,
aláwọ̀ dúdú, alójú pupa, èyí tó rí bí ìka ẹsẹ̀ arúgbó.
Kò ní dé ojú ewé kẹwàá tí yóò fi máa han-an-run.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ìwé ìtùnú fún opó.
Ó ti gba mẹ́rìnlá.
Ẹ ra ìwé ẹ̀fẹ̀ fún un, irú èyí tí àlùfáà ń kà
tó bá ti ti ilẹ̀kùn.

Nahuelquín fẹ́ ìwé tó wúwo fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ẹja.
Mo ní ìwúwo kọ́ ni ìjìnlẹ̀,
mo ti rí èyí tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró.
Ìwé tí o kà tán, tí ọwọ́ rẹ ò fẹ́ yọ̀ǹda mọ́,
òun gan-an ni kí o dì.

Ṣùgbọ́n Baldomero Barría, n kì í bi í ní nǹkan kan.
Ọdún keje rèé tó ń wá ra ìwé kan náà
fún Froilán àbúrò rẹ̀, tí wọn kì í kí ara wọn
láti ìgbà tí wọ́n ti ta ọkọ̀ ojú omi bàbá wọn.
Ìwé náà kò lẹ́wà. Ó dá lé ọkọ̀ ojú irin
inú aṣálẹ̀ àríwá, níbi tí òjò kì í rọ̀ rárá,
níbi tí bàbá wọn ti ṣe lébìrà nígbà èwe.
Baldomero á sanwó, á ní kí n dì í,
á lọ gbé e sẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀ lóru.
Kí oṣù kìíní tó pé ọjọ́ mẹ́wàá,
Froilán á ti gbé e padà wá, nínú láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì:
"Eélòó lẹ máa rà á?"

Mo máa ń rà á.
Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni. Mo ti tà á lẹ́ẹ̀mẹfà.
Bí ẹ bá pè mí lólè, n ò ní jiyàn.

Lánàá, mo gbé e sílẹ̀ láti nu eruku rẹ̀.
Ẹnì kan ti ṣẹ́ etí ojú ewé kẹtàdínlógójì,
àmì ìdí ife tíì sì wà níbẹ̀, róbótó.
Kọfí ni èmi ń mu.

Baldomero wọlé lónìí, omi ń kán létí fìlà rẹ̀.
Ó na owó sí mi.
Mo ní owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ lọ́dún yìí.
"Kí ló dé? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"
Mo ní, "Wọ́n ti lò ó díẹ̀."
Ó dúró. Ó ń wo òjò bí ẹni tó ń ka nǹkan níbẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó ní kí n má wulẹ̀ dì í.

Obìnrin tó wọlé tẹ̀ lé e ń wá ìwé fún ìyá ọkọ rẹ̀.
Mo nu ojú mi, mo ní,
kí ló ń bà á lẹ́rù?