Hóró Àgbàdo Mẹ́tàdínlógún

Ní ìsọ̀ Láléyẹ aránṣọ, nítòsí Àkàbà Ìdẹ́nà ní Kétu,
la ti ń wo Kúmápàyí ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.
Ẹ̀rọ ìránṣọ á kọ́kọ́ dákẹ́ kí tẹlifísọ̀n tó sọ̀rọ̀,
nítorí ẹ̀rọ amúnáwá kò lè gbé méjèèjì.
A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, sórí kẹ́ẹ̀gì epo tó ti ṣófo;
oní sẹ́mìjàn méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà,
wọ́n ní àwọn ò ní í pẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé:
olóṣèlú inú fíìmù ni Kúmápàyí,
a máa rẹ́rìn-ín bí ẹni ń bó ọsàn,
wọ́ọ́rọ́wọ́, láìjẹ́ kí èèpo já.
Lọ́sẹ̀ kìíní, ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ọlọ́pàá.
Lọ́sẹ̀ kẹta, ó lọ síbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ náà,
ó sunkún ju opó lọ,
ó sì fi áńkáṣíìfù opó nu imú ara rẹ̀.
A pariwo! A pàtẹ́wọ́!
Ìdògbé fò sókè, gààrì rẹ̀ dà sílẹ̀:
"Ọkùnrin nìyẹn!"

Rafíátù, ọmọ ọdún mọ́kànlá
tí wọ́n ní kó wá mú bọ́tìnnì, tí kò padà sílé,
ló bèèrè, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwòrán:
"Tó bá wá síbí lọ́la, ṣé ẹ máa dìbò fún un?"

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Èmi kọ́. Ìkà yẹn?
Bàbá Àgbẹ̀dẹ tutọ́ síta: "Eré leré ń jẹ́."
Ìdògbé fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ètè, ó nà án sókè.

Ṣùgbọ́n Láléyẹ, tó máa ń wọn ènìyàn kó tó gbà á gbọ́,
bu àgbàdo sínú àwo kan, ó bu ẹ̀wà sínú èkejì,
ó gbé igbá kan sẹ́yìn aṣọ tí a ti ń dán ìránṣọ wò.
"Ẹ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbàdo, mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀wà, n ò fẹ́ ẹ."

A wọlé, a jáde. Kò sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì.
Ogún ènìyàn. Ó da igbá sórí tábìlì:
àgbàdo mẹ́tàdínlógún.
Ẹ̀wà mẹ́ta.

Ẹ̀rọ amúnáwá ń kùn níta.
Ìdògbé ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
Bàbá Àgbẹ̀dẹ ní ibẹ̀ ṣókùnkùn,
ẹ̀wà lòun rò pé òun mú.

Èmi náà ti ní "ìkà kò dára" lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wọlé.
Ṣùgbọ́n lẹ́yìn aṣọ yẹn, n kò rántí opó.
Ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ni mo rántí,
èyí tí wọ́n ti gé rìbọ́nnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí kò tú omi rí.
Lọ́sẹ̀ karùn-ún, Kúmápàyí gbá ẹnjiníà kan létí;
kí ilẹ̀ tó ṣú, omi ti ń tú ní abúlé.
Omi inú fíìmù! Ó mọ́ gaara.
Òùngbẹ gbẹ mí lórí bẹ́ǹṣì.
Ìka mi ló mú hóró, èmi kọ́.

Mo mọ̀ pé ẹni tó mọ ọ̀nà etí ẹnjiníà
yóò mọ ọ̀nà etí tèmi.
Mo mọ̀ pé áńkáṣíìfù yẹn lè jẹ́ tèmi.
Síbẹ̀.

Rafíátù ń ṣa hóró padà sínú àwo.
"Ta ni àwọn mẹ́ta yẹn?"
Kò sẹ́ni tó dáhùn, ṣùgbọ́n gbogbo wa rẹ́rìn-ín músẹ́,
oníkálukú bí ẹni pé òun wà nínú wọn.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, mo tètè dé,
kí n lè rí bẹ́ǹṣì iwájú.
Ó ti kún.